Pẹ́dàlì Náílọ́ọ̀nù fún Kẹ̀kẹ́ Oníná: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, àti Bí A Ṣe Ń Dán an Wò Lọ́yẹ̀ẹ́ àti Lójò

Kẹ̀kẹ́ oníná ẹlẹ́sẹ̀ kan kò ní ọwọ́ tí a ń dì mú, kò ní ìjókòó, kò sì ní bíréèkì tí a ń fi ìka tẹ̀. Táyà kan ṣoṣo ló ní. Bátìrì àti ẹ̀rọ wà nínú ikùn rẹ̀, pẹ́dàlì méjì sì wà lọ́tùn-ún àti lósì tí ẹni tó ń gùn ún ń dúró lé. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, kẹ̀kẹ́ á sáré. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, á dẹwọ́, á sì dúró. Gbogbo àṣẹ tí kẹ̀kẹ́ yìí ń gbà, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń gbà á. Bí pẹ́dàlì bá ṣẹ́ lórí eré, kò sí nǹkan mìíràn tí olúwarẹ̀ lè dì mú kó tó dé ilẹ̀.

Irú kẹ̀kẹ́ báyìí ti pẹ́ díẹ̀ láyé. Ní ọdún 2001 ni Dean Kamen ará Amẹ́ríkà gbé Segway jáde, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń dá ara rẹ̀ dúró. Ní 2004, Trevor Blackwell fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 2011, Shane Chen bẹ̀rẹ̀ sí í ta Solowheel, tó fi pẹ́dàlì sí ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bíi KingSong àti InMotion sì tẹ̀lé e. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń mọ bí ara kẹ̀kẹ́ ṣe tẹ̀ sí. Ó ń wò ó lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ inú táyà pé kó yára tàbí kó dẹwọ́, kí ara kẹ̀kẹ́ lè máa dúró ṣánṣán. Pẹ́dàlì ló so ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́ ara kẹ̀kẹ́ náà. Bí ó bá rọ̀ jù, ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ kò ní tètè dé ibi tó ń lọ.

Pẹ́dàlì tó ń bá kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí wá sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí magníṣíọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòkọ. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ní Ìlọrin, ìpààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rìn wọ Ọjà-Ọba lọ rà bí ìgbà tó ń ra táyà ọ̀kadà. Ó di kí a ṣe é nílé. Ìlú tó ti ń fọwọ́ lu ihò sára òkúta láti ṣe iyùn lántànà, tó ń mọ ìkòkò ní Dada ní Òkèlele, tó sì ń hun aṣọ òkè títí dòní, kò lè ka gígé náílọ́ọ̀nù sí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Gígé rẹ̀ rọrùn. Ohun tó le ni láti mọ̀ dájú pé ohun tí a gé yóò gbé ènìyàn, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò. Náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun kan náà nínú àsìkò méjèèjì yìí, ọ̀nà tó sì ń gbà bàjẹ́ nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tó bá dán an wò nínú àsìkò kan ṣoṣo ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Irú náílọ́ọ̀nù wo?

Náílọ́ọ̀nù tí à ń sọ níbí yàtọ̀ sí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ata tàbí omi tútù lọ́jà. Pọ́líẹ́tílíìnì ni ọ̀rá yẹn. Ó rọ̀, ó sì ń yọ́ láàárín 110°C sí 130°C. Bí ẹ bá yọ́ ọ pọ̀ tí ẹ fi ṣe pẹ́dàlì, yóò tẹ̀ kọdọrọ ní gbàrà tí ara bá ti gun orí rẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù gidi ni Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kejì ọdún 1935. Irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe tà ní 1938, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin ló tẹ̀lé e ní 1940. Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun ni wọ́n fi ń rán agbòòrùn ńlá tí àwọn ọmọ ogun fi ń fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ti DuPont yìí là ń pè ní náílọ́ọ̀nù 66, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 260°C. Paul Schlack ní Jámánì ṣe irú kejì ní 1938, èyí tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù 6, tó ń yọ́ ní nǹkan bí 220°C. Méjèèjì ló wà ní pákó pẹlẹbẹ àti ní ọ̀pá róbótó fún àwọn tó ń gbẹ́ búṣì àti jíà lórí ẹ̀rọ léètì. Ìdè pẹlẹbẹ tí àwọn oníná fi ń di wáyà pọ̀ náà, náílọ́ọ̀nù ni.

Bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀

Ohun tó para pọ̀ di náílọ́ọ̀nù jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tín-ín-tìn-ìn tí ojú kò lè rí. Àwọn ẹ̀wọ̀n náà ń di ara wọn mú ní ojú kan sí òmíràn, ìdìmú yẹn ló sì ń fún un lágbára. Omi náà fẹ́ràn ojú ìdìmú yìí. Bí atẹ́gùn bá tutù fún omi, omi á rọra wọ àárín ẹ̀wọ̀n méjì, á gba ààyè lọ́wọ́ wọn, ẹ̀wọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lára ara wọn.

Ẹni tó bá mọ ìlù ti mọ nǹkan yìí láìka ìwé. Lójò, awọ dùndún máa ń dẹ̀, onílù á sì gbé e sínú oòrùn kí ohùn rẹ̀ tó padà. Lọ́yẹ̀ẹ́, awọ kan náà á le koko, á sì lè ya bí wọ́n bá fà á jù. Irú ojú ìdìmú tó wà nínú awọ ẹran ló wà nínú náílọ́ọ̀nù, ìdí nìyí tí ìwà wọn fi jọra. Òun náà ló jẹ́ kí òórùn náílọ́ọ̀nù tó ń jóná sún mọ́ ti irun tó jóná.

Náílọ́ọ̀nù 6 tí a rì sínú omi títí yóò fi yó lè fa omi tó tó ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Nínú atẹ́gùn lásán, tí kò gbẹ jù tí kò sì tutù jù, á fa nǹkan bí ìdá 2.5 sí 3. Nígbà tó bá gbẹ, ó lè gba ẹrù tó tó kílò 8 lórí mílímítà oníhà mẹ́rin kan kó tó juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá ti fa omi inú atẹ́gùn, agbára yẹn á sún mọ́ kílò 4.5 sí 5. Bí ó ṣe ń dúró gírí láìtẹ̀ náà á wálẹ̀ sí ìdajì tàbí kó kéré sí i. Àmọ́ omi kan náà ń fún un ní àǹfààní kan: náílọ́ọ̀nù tó lómi nínú máa ń tẹ̀, á funfun níbi tó ti ń jìyà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó já. Èyí tó gbẹ gan-an le, ṣùgbọ́n ó lè là lójijì bí nǹkan bá gbá a, pàápàá níbi tí ọ̀bẹ tàbí ayùn ti gé e lójú.

Ní Ìlọrin, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Ọyẹ́ á sì dé lópin ọdún, á gbẹ ètè àti ilẹ̀kùn onígi. Pẹ́dàlì kan ṣoṣo ni yóò la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Kí ló dé tí a kò fi alumíníọ̀mù ṣe é?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kí ó lè fúyẹ́ ni wọ́n ṣe ń yan náílọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwúwo náílọ́ọ̀nù jẹ́ gíráàmù 1.14 nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́fà kan, ti alumíníọ̀mù jẹ́ 2.7. Lóòótọ́ ni náílọ́ọ̀nù fúyẹ́. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù le ju náílọ́ọ̀nù gbígbẹ lọ ní ìlọ́po 23 tó bá kan títẹ̀, ó sì ju ìlọ́po 50 lọ nígbà tí náílọ́ọ̀nù bá ti fa omi. Kí pákó náílọ́ọ̀nù tó lè dúró gírí bíi ti alumíníọ̀mù, ó gbọ́dọ̀ nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta, tàbí mẹ́rin nígbà òjò. Nígbà tí a bá fi sísanra yẹn kún un, kò fúyẹ́ mọ́.

Ìdí tí a fi ń yàn án wà níbòmíràn. Ayùn ọwọ́, dírìlì àti fáìlì tó fún un, kò béèrè iná ìyọ́rin tàbí àwòkọ. Kì í dípẹtà. Epo pẹtiróòlù àti gíríìsì kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ó máa ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà mọ́ra kó tó dé orúnkún. Bí ó bá sì fẹ́ bàjẹ́, ó sábà máa ń fi àmì hàn kó tó já, nígbà tí irin tí wọ́n yọ́ dà lè ṣẹ́ láìkìlọ̀. Àǹfààní ìkẹyìn yìí ló tóbi jù, òun náà sì ni ọyẹ́ àti gígé tí kò dára lè gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹrù tó ń bọ́ lé e

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wúwo tó kílò 80. Nígbà tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ara rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò, ẹrù yẹn lè di ìlọ́po mẹ́ta fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kílò 240 nìyẹn lórí pẹ́dàlì kan.

Àárín ẹsẹ̀ sábà máa ń jìnnà sí ọ̀pá irin tí pẹ́dàlì ń yí lé tó sẹ̀ǹtímítà 6. Pẹ́dàlì náà kì í dúró lórí ọ̀pá nìkan. Ó ń fi ìdí rẹ̀ ti irin ìdádúró kan lára kẹ̀kẹ́, irin yẹn ni kì í jẹ́ kó já wálẹ̀. Bí àlàfo láàárín ọ̀pá àti ìdádúró bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5, ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí: 240 lọ́nà 6, kí a pín in sí 1.5. Ó jẹ́ kílò 960. Ẹrù tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan ló ń fa etí tí ọ̀pá gbà kọjá, nígbà tí ẹsẹ̀ kò mọ̀ ju pé kòtò gbá òun lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ti ń ṣẹ́. Àárín tó fẹ̀, tí ojú ń rí, kì í sábà níṣòro.

Sísanra náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá gùn tó mílímítà 200 lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó sì nípọn tó mílímítà 20, ẹrù kòtò yẹn kò fi ju kílò 1.1 lórí mílímítà oníhà mẹ́rin kan lọ. Bí a bá dín sísanra kù sí 10, ìyà rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló dà, ó di kílò 4.3, èyí tó ti kan ògiri agbára náílọ́ọ̀nù tó lómi. Títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, mílímítà 20 ni kí ẹ ra, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ tàn yín dé ibi 10.

Kódà pẹ̀lú 20, bí ẹ bá gé ìdí rẹ̀ títí tó fi ku etí tí àpapọ̀ fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 60, ìyà ibẹ̀ á gòkè dé kílò 3.6. Ẹ fi etí náà sílẹ̀ ní fífẹ̀ bí ara kẹ̀kẹ́ bá ṣe gbà tó. Èyí tí à ń wá ni pé kí ìyà tó pọ̀ jù lọ má ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára náílọ́ọ̀nù nígbà òjò, torí pé ohun tí à ń tẹ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́ máa ń rẹ̀.

Dídá ojúlówó mọ̀ lọ́jà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan á rí náílọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ búṣì lórí léètì, àwọn mìíràn á rí i nínú àlòkù ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Àwọ̀ kò lè sọ ohun tó jẹ́, torí pé oríṣi pílásítíìkì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló lè funfun bákan náà. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ gé ègé tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 2 ní sísanra, kí ẹ gbé e lórí òṣùwọ̀n. Náílọ́ọ̀nù yóò sún mọ́ gíráàmù 228. Pọ́líẹ́tílíìnì líle yóò wà ní nǹkan bí 190, yóò sì léfòó bí ẹ bá jù ú sómi, nígbà tí náílọ́ọ̀nù yóò rì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Delrin yóò wọn nǹkan bí 280, Teflon yóò sì ju 430 lọ.

Àwọn kan máa ń fi iná dán an wò. Mi ò gbà yín níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín Delrin máa ń ta imú àti ojú, ti PVC sì ní ásíìdì nínú. Omi àti òṣùwọ̀n ti tó.

Bí ẹ bá lè yàn, ẹ yan dúdú. Oòrùn máa ń jẹ náílọ́ọ̀nù funfun, á pọ́n, á sì máa fọ́ lójú. Dúdú tí wọ́n fi èédú tín-ín-rín pò máa ń pẹ́ nínú oòrùn jù ú lọ.

Gígé àti lílu

Ẹ kọ́kọ́ yọ pẹ́dàlì àtijọ́, kódà bí ó ti ṣẹ́, kí ẹ fi ya àwòrán sórí páálí líle. Ẹ kọ ibi ọ̀pá, ibi ìdádúró, àti bí etí òde ṣe ga ju etí inú lọ. Gíga díẹ̀ yẹn wúlò, torí pé pẹ́dàlì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ara bá gun orí rẹ̀. Ti náílọ́ọ̀nù sì ń rẹlẹ̀ ju ti irin lọ.

Ayùn tí eyín rẹ̀ tóbi ni kí ẹ lò, kí ẹ rọra fà á. Bí ẹ bá yára, náílọ́ọ̀nù á gbóná, á rọ̀, á sì di mọ́ eyín ayùn. Ohun kan náà ni fún dírìlì: kí ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ máa yọ ọ́ lóòrèkóòrè kí ihò lè tutù. Ẹ má ṣe fi igun ṣóńṣó sílẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ kankan. Ẹ fi fáìlì yí gbogbo igun inú títí tí yóò fi rí róbótó, ó kéré tán mílímítà 3, kí ẹ sì fi sáńdípépà pa gbogbo ojú ayùn rẹ́. Igun ṣóńṣó ni ìlà ìfọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lọ́yẹ̀ẹ́.

Ihò ọ̀pá kò gbọdọ̀ há. Náílọ́ọ̀nù máa ń wú bí ó bá fa omi. Pẹ́dàlì tó gùn tó mílímítà 200 lè fi mílímítà kan gùn sí i nínú òjò, ooru oṣù Kẹta náà á sì fi tirẹ̀ kún un. Fún ọ̀pá mílímítà 10, ẹ lu ihò tó fi nǹkan bí mílímítà 0.3 tóbi jù ú lọ. Bí ẹ bá lè rí búṣì irin tẹ̀ sínú ihò náà, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gbẹ́ eyín bóòtù sínú náílọ́ọ̀nù lásán níbi tí ẹrù wà. Ẹ jẹ́ kí bóòtù kọjá sí òdìkejì, kí ẹ fi wọ́ṣà tó fẹ̀ sí orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ tó di nọ́ọ̀tì. Ojú náílọ́ọ̀nù máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án, nítorí náà ó nílò ohun tí bàtà lè dì mú. Gọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ di náílọ́ọ̀nù mú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Orí bóòtù kéékèèké mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó yọ díẹ̀ lójú pẹ́dàlì á ṣiṣẹ́ náà dáadáa, bí wọ́n bá ti jìnnà sí etí ọ̀pá.

Ẹ tún ṣọ́ ásíìdì. Bí ẹnì kan bá ń lo bátìrì olómi lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kàn pọ̀ nílé, kí ó mọ̀ pé ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ náílọ́ọ̀nù. Pẹ́dàlì tó bá ti kan ásíìdì, ẹ pa á tì.

Ìdánwò ọyẹ́

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó dán pẹ́dàlì wò lóṣù Kìíní, tó ní kò tẹ̀, kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe lóṣù Keje. Ẹni tó dán an wò lóṣù Keje, tó ní kò là, kò tíì mọ ti oṣù Kìíní. Ó dára pé a kò ní láti dúró de àsìkò, a lè fọwọ́ ara wa pe méjèèjì wá.

Omi kì í tètè dé inú pákó tó nípọn tó mílímítà 20. Nínú atẹ́gùn lásán, ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, pákó tuntun ṣì gbẹ nínú, ó ṣì wà ní ipò ọyẹ́. Ní kété tí ẹ bá gé e tán ni kí ẹ dán gbígbá wò. Ẹ de pẹ́dàlì mọ́ irin tó dúró bí ara kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá àti ìdádúró rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ẹ jẹ́ kí àpò iyanrìn kílò 40 já lé ibi tí ẹsẹ̀ ń gùn, láti ìga sẹ̀ǹtímítà 10. Ìdajì ẹni kílò 80 nìyẹn, tó já sí kòtò tó jìn tó ìka mẹ́rin. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi íńkì pa etí ọ̀pá àti gbogbo igun, kí ẹ nù ún kúrò. Ibi tí íńkì bá kù sí ní ìlà tín-ín-rín, ó ti ń là. Bí ìlà kan ṣoṣo bá yọ, ẹ ju pẹ́dàlì náà nù, kí ẹ sì yí igun tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa sí i lára èyí tí ẹ máa tún gé.

Ìdánwò òjò

Láti rí ohun tí omi ń ṣe, ẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti ara pákó kan náà: mílímítà 2 ní sísanra, 20 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn. Ẹ tọ́jú ọ̀kan síbi gbígbẹ, kí ẹ fi èkejì sínú omi tó ń hó fún ọjọ́ kan. Ẹ tẹ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ etí tábìlì kí sẹ̀ǹtímítà 10 yọ síta, kí ẹ wá so nǹkan tó wúwo tó gíráàmù 100 mọ́ orí rẹ̀. Gbígbẹ yóò tẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 8. Èyí tó mu omi yóò tẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ojú ara wọn rí i, nítorí kò sí àlàyé tó lè rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rì pẹ́dàlì gan-an sínú omi gbígbóná tí kò hó fún ọjọ́ méjì. Kò ní wọ̀ ọ́ dé àárín, ṣùgbọ́n òde ló ń jìyà jù nígbà tí nǹkan bá ń tẹ̀, òde náà ni omi ti wọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ lè mọ iye omi tó mu.

Ó wá kan ẹrù. Kíkó àpò símẹ́ǹtì márùn-ún jọ sórí ohun kékeré léwu, nítorí náà ẹ lo ọ̀pá gígùn. Ẹ wá páìpù irin tó nípọn tó gùn ju mítà 2 lọ. Ẹ de orí kan mọ́lẹ̀ kó má lè gbéra sókè, ẹ gbé e gba orí pẹ́dàlì kọjá ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí ibi ìdè, níbi tí ẹsẹ̀ ń gùn gan-an, kí ẹ wá so àpò símẹ́ǹtì kan, kílò 50, mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 200. Ìlọ́po márùn-ún ló dà: kílò 250 ló ń bọ̀ sórí pẹ́dàlì, láìka ìwúwo páìpù fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ páìpù tàbí níwájú rẹ̀.

Ẹ wọn gíga etí òde kí ẹrù tó dé, lẹ́yìn tó dé, àti lọ́jọ́ kejì. Náílọ́ọ̀nù máa ń rọra tẹ̀ sí i lábẹ́ ẹrù tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ohun tó dúró níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún lè má dúró ní wákàtí 24. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tó sì fi ohun tó ju mílímítà 1 lọ rẹlẹ̀, kò yege.

Ẹ tún un ṣe nínú oòrùn. Ní ọ̀sán oṣù Kẹta ní Ìlọrin, ohun dúdú tó wà níta máa ń gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè dì mú, ooru náà sì ń dẹ náílọ́ọ̀nù bí omi ṣe ń dẹ̀ ẹ́. Pẹ́dàlì tó lómi, tó tún gbóná, ló rọ̀ jù lọ. Bí ó bá gba ẹrù nínú ipò yẹn, ó ti ṣe tán fún òjò.

Àtúntẹ̀ àti gígùn

Ẹrù ńlá ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ohun tí à ń gùn ń jẹ ẹrù kékeré ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ̀rọ tó ń yí wáípà nínú mọ́tò àlòkù lè ṣe iṣẹ́ yìí: ẹ so ọ̀pá mọ́ etí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó máa gbé páìpù sókè kó sì máa sọ ọ́ kalẹ̀, pẹ̀lú ìwúwo tó mú kílò 80 dé orí pẹ́dàlì. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 50 níṣẹ̀ẹ́jú kan, yóò tẹ pẹ́dàlì ní ìgbà 10,000 láàárín wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ tún fi íńkì wá ìlà ìfọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó bá yege gbogbo èyí ni ènìyàn tó lè gùn ún. Kí ó dé àṣíborí, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìdáàbòbò orúnkún. Pápá tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ àti ọmọdé, ni kí ó lò, kí ó sì rìn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Níwájú ààfin àti mọ́ṣáláṣí ńlá, láàárín èrò Ọjà-Ọba, kì í ṣe ibi ìdánwò. Ara àwọn tó ń kọjá kò sí nínú àdéhùn tí ẹ bá pẹ́dàlì yín ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmì mẹ́ta ló ní kí a yọ ọ́: funfun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ìlà tó gba íńkì, àti ihò ọ̀pá tó ti di gígùn dípò róbótó. Kí ó tún un wò dáadáa ní ìgbà méjì lọ́dún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé, torí pé ìgbà wọ̀nyẹn ni náílọ́ọ̀nù ń pa ìwà dà.

Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ aṣọ híhun tàbí ìkòkò mímọ máa ń fi ojú àti ọwọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ tuntun yìí béèrè ohun kan sí i, torí pé ojú kò lè rí omi tó wà nínú náílọ́ọ̀nù, ọwọ́ kò sì lè wọn kílò 960. Ẹ kọ nọ́ńbà sára pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé, ẹ kọ irú náílọ́ọ̀nù, sísanra, fífẹ̀ etí, ọjọ́ tí ẹ gé e, ìwúwo rẹ̀ gbígbẹ àti tútù, bí ó ti rẹlẹ̀ tó lábẹ́ ẹrù, àti ibi tó ti là bí ó bá là. Èyí tó fọ́ ni kí ẹ kọ jù lọ. Ìlọrin ní Yunifásítì láti ọdún 1975, ó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ yóò rí ẹni tí wọ́n jọ lè sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan náà. Pẹ́dàlì méjì tó gbé ẹnì kan títí ọdún fi yí po dára. Ìwé tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀, kó sì mọ̀ kí ó tó gun orí rẹ̀ pé yóò gbé òun, ló ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe nílé di iṣẹ́ ìlú.